"Kí Lò Ń Wò?": Ìwé Sí Àwọn Ará Pápá Àjàó Lórí Ìjà Àwọn Ọ̀dọ́ Wa

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni, ní ìdí òpó iná tí ìyá ẹlẹ́wà máa ń gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀ sí. Ọmọkùnrin méjì ń dúró kí ó bù fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ẹ́ńjìnì ní Ládìpọ̀. Epo dúdú ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Èkejì wá láti òpópónà tó tẹ̀ lé tiwa. Bó ṣe yíjú báyìí, ojú wọn ṣe mẹ́rin.

"Kí lò ń wò?"

"N ò wo nǹkan kan."

"O rí mi fín, àbí?"

Kí ìyá ẹlẹ́wà tó gbé ṣíbí sílẹ̀, ìgò ti fọ́. Apá ni ọmọ oníṣẹ́ náà fi gbà á. Abẹ́rẹ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi rán an. Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ òpópónà tiwa lọ gbẹ̀san. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn tiwọn náà wá. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ṣọ́ọ̀bù ò fi ṣí lójú títì yẹn, ìyá ẹlẹ́wà kò sì yọjú fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, mo wá ọmọ tó fọ́ ìgò náà lọ. Mo mọ ìyá rẹ̀. Mo bi í pé kí ni ẹni yẹn ṣe fún un. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ ò rí irú ojú tó fi wò mí ni." Mo ní mo rí i, mo wà níbẹ̀. Ìkòkò ẹ̀wà ni ọmọ oníṣẹ́ náà ń wò.

Torí ojú tó ń wo ìkòkò ẹ̀wà yẹn ni mo ṣe kọ ìwé yìí sí ẹ̀yin bàbá wa nínú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, àti ẹ̀yin káńsílọ̀ tí a dìbò fún. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: kí a dá ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ kan sílẹ̀ ní Pápá Àjàó, níbi tí àwọn ọmọ wa tó ń jà yóò ti kọ́ ohun tí ènìyàn lè ṣe láàárín ìgbà tí ojú bá ṣe mẹ́rin àti ìgbà tí ìgò yóò fọ́. Wọ́n ti dán an wò nítòsí wa níbí, ní Làìbéríà, ó sì ṣiṣẹ́.

Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ti ń ronú lórí irú ojú bẹ́ẹ̀. Ní 1980, Kenneth Dodge ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọkùnrin ilé ẹ̀kọ́. Ó kó àwọn tí wọ́n mọ̀ sí oníjà, ó kó àwọn tí kì í jà, ó wá ṣe é bíi pé ọmọ mìíràn ba iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe jẹ́. Bó bá hàn gbangba pé ṣe ni ọmọ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, tàbí pé èèṣì ni, ìwà ẹgbẹ́ méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìgbà tí kò hàn ni ọ̀nà yà. Àwọn oníjà gbà pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é sí wọn ni, wọ́n sì gbé ìjà kò ó lójú. Àwa Yorùbá kò nílò láti ṣẹ̀ṣẹ̀ wá orúkọ fún ohun tí Dodge rí yìí. "Ó rí mi fín" ni. Ìtumọ̀ tí ọmọ yẹn fún ojú ẹnìkejì ló fọ́ ìgò.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń pe àwọn ọmọ wọ̀nyí ní òmùgọ̀ o. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ọmọ tó ń jẹ ìgbátí nílé, tí ọ̀gá ń fi bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì nà ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń tú àpò rẹ̀ wò lójú títì níṣojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ẹgbẹ́ òkùnkùn sì ń fi ọwọ́ fà á mọ́ra, ayé ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣojo ni wọn yóò fi jẹun. Ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ ni kò dára. Èmi alára ti ja irú ìjà bẹ́ẹ̀ rí, nínú mólùẹ̀, nítorí bàtà tí ẹnì kan tẹ̀. Títí di òní, ojú máa ń tì mí láti sọ ọ́ létí àwọn ọmọ mi.

Kí la ti ń ṣe sí i? A ń kó wọn. Ọkọ̀ ọlọ́pàá yóò dé lóru, wọn yóò kó ẹni tó jà, wọn yóò kó ẹni tó ń ra búrẹ́dì. Ní òwúrọ̀, àwọn ìyá yóò máa yá owó kiri fún béèlì tí wọ́n ní kì í gbowó. Ẹni tó ra búrẹ́dì yóò padà dé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ tuntun tó bá pàdé nínú àhámọ́. Òfin náà wà: ní 2021, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 sí ẹni tó bá ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn, àti ọdún 15 sí ẹni tó bá ràn wọ́n lọ́wọ́. N kò bá òfin jà. Ẹni tó pa ènìyàn, kí ó lọ jẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jalè pẹ̀lú ètò ló máa ń ka ọdún ẹ̀wọ̀n. Ní ìdí òpó iná ìyá ẹlẹ́wà, ọmọ yẹn kò ní àyè àtika eéjì, áńbọ̀sìbọ́sí mọ́kànlélógún.

Ìdẹ́rùbà pàápàá ní àbùkù tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń ṣe wàhálà lọ sínú ọgbà ẹ̀wọ̀n kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n jágbe mọ́ wọn, kí ẹ̀rù bà wọ́n. Scared Straight ni wọ́n ń pè é. Àwọn olùwádìí fi àwọn tí wọ́n kó lọ wé àwọn irú wọn tí wọn kò kó lọ, wọ́n rí i pé àwọn tó lọ náà ló dẹ́ṣẹ̀ jù lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ rántí èyí nígbà mìíràn tí ẹnì kan bá ní kí a kó àwọn ọmọ JSS lọ wo ọgbà ẹ̀wọ̀n Kìríkìrì.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Làìbéríà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Ogun abẹ́lé wọn parí ní 2003. Ìgboro Monrófíà kún fún ọkùnrin tí iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ jẹ́ ìbọn, àti àwọn àbúrò wọn tó ń jalè, tó ń ta oògùn olóró, tó ń sùn síbi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Johnson Borh àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àjọ NEPI bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni Christopher Blattman, Julian Jamison àti Margaret Sheridan bá wọn ṣe é ní ìwádìí. Wọ́n wá ọkùnrin 999 lójú títì, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 18 sí 35, wọ́n fi ìbò pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin: àwọn kan gba ẹ̀kọ́, àwọn kan gba owó, àwọn kan gba méjèèjì, àwọn kan kò gba nǹkan kan.

Ẹ̀kọ́ náà gba ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nǹkan bí ogún ènìyàn nínú ẹgbẹ́ kan, ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀. Àwọn olùkọ́ jẹ́ ẹni tó ti gbé irú ayé bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀tàn ọmọ ìta kò lè mú wọn. Wọ́n kọ́ wọn láti mí kanlẹ̀ kí wọ́n tó fèsì, láti rìn kúrò níbi ìjà, láti bi ara wọn pé ṣé bí mo ṣe rò ó ló rí. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ àṣetiléwá. Kí o lọ gẹrun. Kí o wọ aṣọ tó mọ́. Kí o wọ báńkì lọ, kí o béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣí àkáǹtì. Ẹ fojú inú wo ẹni tí gbogbo ọlọ́jà ń fọwọ́ bo àpò nítorí rẹ̀, tó wá dúró níwájú akọ̀wé báńkì, tí akọ̀wé ní "Ẹ jókòó, sà."

Owó tí wọ́n fún àwọn tó gbà á jẹ́ dọ́là 200. Lẹ́yìn ọdún kan, ipa ẹ̀kọ́ nìkan ti ń ṣá lára àwọn tó gbà á. Owó nìkan kò yí ìwà padà. Àwọn tó gba méjèèjì ni ìwà tuntun wọn dúró. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá pé, àwọn olùwádìí tún padà lọ, wọ́n rí 833 nínú wọn. Ìwà ọ̀daràn láàárín àwọn tó gba ẹ̀kọ́ àti owó ṣì fi bí ìdajì dín sí ti àwọn tí kò gba nǹkan kan. Dọ́là 530 ni gbogbo rẹ̀ ná wọn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti ẹ̀kọ́, àti owó. Ohun tí àwọn olùwádìí fura sí ni pé owó yẹn fún wọn ní àyè díẹ̀ láti máa fi ìwà tuntun náà dánra wò, kí ebi má tètè dá wọn padà sí títì.

Wọ́n ní irú ẹ̀ ní Chicago náà, ní ilé ẹ̀kọ́, Becoming a Man lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ràn jù. Olùkọ́ yóò pín wọn ní méjì-méjì, yóò fún ẹnì kan ní bọ́ọ̀lù kékeré kí ó dì í mọ́wọ́, yóò ní kí ẹnìkejì gbà á láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Wọn yóò fà, wọn yóò lọ́ra wọn lọ́wọ́, àwọn kan yóò balẹ̀ gbì. Olùkọ́ á wá bi wọ́n: kí ló dé tí ẹ ò sọ pé "Jọ̀ọ́, fún mi"? Wọn á ní kò lè fún mi, á rí mi bí ọ̀dọ̀yọ̀. Olùkọ́ á kọjú sí ẹni tó di bọ́ọ̀lù mú: bó bá tọrọ rẹ̀ ńkọ́? "Ǹ bá fún un. Bọ́ọ̀lù lásán ni." Ìmúnisátìmọ́lé nítorí ìwà ipá fi bí ìdajì lọ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ náà nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́.

Ẹnì kan yóò ní òyìnbó ló ni èyí. Ṣùgbọ́n ní 1954, ní Àró l'Ábẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lámbò ní kí àwọn tí orí wọn dàrú máa gbé láàárín abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn nígbà tí wọ́n bá ń gba ìtọ́jú. Ayé wá wò ó. Ohun tí mò ń béèrè kò jìnnà sí i: kí ìtọ́jú wá bá ènìyàn níbi tó ń gbé. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Yábà kò jìnnà sí wa, ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà kò jìnnà, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Pápá Àjàó tí yóò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé Yábà lẹ́fùtì lòun ń lọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Àwọn olùkọ́ wà. Àwọn ọkùnrin wà ní Ládìpọ̀ lónìí tó ń ta gíábọ́ksì, tí àwa tí a dàgbà mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ nígbà èwe wọn. Kí Ìjọba Ìbílẹ̀ Múṣin kó ogún ọmọ àkọ́kọ́ jọ, kí àwọn olùkọ́ LUTH àti Yábà kọ́ àwọn ọkùnrin yìí ní bí a ti ń darí ẹ̀kọ́ náà, kí àwọn ọlọ́jà dá sí owó rẹ̀ àti owó tí a ó fún àwọn ọmọ náà. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ìlẹ̀kùn fún ọjọ́ mẹ́rin ti pàdánù ju ohun tí màá ní kí ó dá lọ.

Ọmọ iṣẹ́ kan tí mo sọ ètò yìí fún yarí. Ó ti sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, kò rí owó ṣe fíríídọ̀m, ayẹyẹ ìparí iṣẹ́ kíkọ́. "Ṣé kí n lọ fọ́ ìgò ni, kí ẹ lè fún èmi náà lówó?" Ẹjọ́ rẹ̀ dùn. N kò ní èsì tó tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn, àfi pé kí owó fíríídọ̀m wọ inú ètò kan náà, kí ẹni tí kò jà rí má pàdánù nítorí pé kò jà.

Ìbẹ̀rù mi tó tóbi jù wà lọ́dọ̀ àwọn bàbá ìsàlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kò lè gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó ń pín àdá nígbà ìdìbò. Ẹni tó bá wá tọrọ ìbò wa, kí a kọ́kọ́ bi í nípa àwọn ọmọ tó ń tẹ̀ lé e wọ àdúgbò, kí a tó bi í nípa gọ́tà.

Ìyá ẹlẹ́wà ti padà sí ìdí òpó. Ó ti yí bẹ́ńṣì rẹ̀ báyìí: ògiri ni gbogbo oníbàárà ń kọjú sí jẹun.