Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Gbá Bọ́ọ̀lù



Ọmọ awo wa kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù pè mí: "Bàbá, wọ́n ní kí ọmọ mi bọ́ ìdè Ifá kó tó gbá bọ́ọ̀lù. Mo ti ní kó jókòó sílé."

Mo ní rárá o! Òfin bọ́ọ̀lù kò gba ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kó má baà ṣeni léṣe. Kì í ṣe ẹ̀sìn wa ni wọ́n ń bá jà. Bá a tọ́jú ẹ̀, kó wọ̀ ọ́ padà tí eré bá parí. Bí ìdè kò tiẹ̀ sí lọ́wọ́, Orí ọmọ ń bá a wọ pápá.

Bukayo Saka, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù níbẹ̀, láti kékeré ló ti wà ní Arsenal. Gbogbo ọmọ kọ́ ni yóò di Saka, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń sáré kò ní fi gbogbo ìgbà òtútù jókòó ti fóònù.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Àṣẹ.