Bí Wọ́n Bá Gba Láísẹ́ǹsì Sìkiọ́rítì Lọ́wọ́ Yín

Ẹ̀yin ará wa ní Dublin! Ọ̀rọ̀ tòní kan àwọn tó ń ṣọ́ ilé ìtajà lọ́sàn-án àti àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kílọ́ọ̀bù lóru. Bí ẹ ò bá ṣe iṣẹ́ yìí rí, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín ti ṣe é.

Òfin ọdún 2004 ló dá Private Security Authority sílẹ̀. Ìlú Tipperary ni ọ́fíìsì wọn wà. Àwọn ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, àwọn náà ló lè gbà á padà, bí ilé ẹjọ́ bá dá ènìyàn lẹ́bi, tàbí bí wọ́n bá rí irọ́ nínú fọ́ọ̀mù tó kọ. Káàdì lọ, iṣẹ́ lọ nìyẹn. Rẹ́ǹtì ò sì mọ̀ pé wọ́n gba káàdì o!

Ohun tó ń dùn mí ni pé bí lẹ́tà bá dé, ṣe ni àwọn kan ń ká a sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n á ní ìjọba ti sọ̀rọ̀, ta la fẹ́ bi? Rárá o. Òfin kan náà ló dá Private Security Appeal Board sílẹ̀, lọ́tọ̀ sí Authority, pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. N kì í ṣe lọ́yà, ẹnjiníà ni mí, àmọ́ lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, kì í ṣe ẹni tó ya pláànì ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú tó ṣe àṣìṣe kì í sábà rí i.

Àṣìṣe sì ń ṣẹlẹ̀. Ní November 2007, ìjọba Britain jẹ́wọ́ pé SIA, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́hùn-ún, ti fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò ní ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ní láísẹ́ǹsì. Ariwo ta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà. Nínú irú ìkánjú bẹ́ẹ̀, ẹni tí ìwé rẹ̀ pé, tó kàn jẹ́ pé ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, lè bá a lọ. Ilé ẹjọ́ májísíréètì ni wọ́n ń gbé tiwọn lọ, ọjọ́ 21 péré ni òfin sì fún wọn.

N ò gbèjà òpùrọ́ o. Ẹni tó ń lu oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n gba káàdì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ìdí fún un, kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó gbà wọ́n síṣẹ́ ńkọ́? Ó yẹ kí wọ́n lẹ orúkọ bọ́ọ̀dù yìí mọ́ ara ògiri.

Ẹ ka lẹ́tà náà tán, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n dá. Ẹ kó ìwé ìgbélùú, ìwé ọlọ́pàá láti Alágbọn àti lẹ́tà ọ̀gá yín jọ. Bí ẹ bá ń lọ sí ìsọ́-òru lálẹ́ ọjọ́ náà, ó dáa, ẹ kọ́kọ́ yà ní ilé ìfìwéránṣẹ́.