Ẹ Má Gbé Iṣẹ́ Olùkọ́ fún Agbaṣẹ́ṣe

Ní Otto, lójú ọ̀nà Badagry, ni Lagos State University of Education wà. Kó tó di yunifásítì lọ́dún 2022, Adeniran Ogunsanya College of Education ló ń jẹ́, iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n sì ń kọ́ni níbẹ̀. Ìjọba Èkó tó ni ín náà ló lọ bá NewGlobe, tí wọ́n jọ gbé ètò EKOEXCEL wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2020. Ẹ̀kọ́ tí ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀ ni tíṣà ń wò nínú tábúlẹ́ẹ̀tì kọ́ ọmọ. Kí wá ni ó lọ kọ́ ní Otto?

Ilé-iṣẹ́ tó ń wá èrè ni NewGlobe, kì í ṣe NGO, ìyẹn ẹgbẹ́ aláàánú tí kì í wá èrè. Ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì lójú tèmi níbi ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀kọ́ ọmọ tálákà kì í ṣe ohun tí ìjọba ń gbé fún agbaṣẹ́ṣe, aláàánú ni o, oníṣòwò ni o.

Wọ́n á ní òṣìṣẹ́ ìjọba ya ọ̀lẹ, pé NGO mọ iṣẹ́ jù ú lọ. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Liberia. Lọ́dún 2016, ìjọba ibẹ̀ fa ilé-ẹ̀kọ́ 93 lé ẹgbẹ́ mẹ́jọ lọ́wọ́: BRAC tó wá láti Bangladesh wà níbẹ̀, Bridge tó jẹ́ ti NewGlobe náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ mọ̀wé sí i lóòótọ́. N kò ní jiyàn ìyẹn. Àmọ́ owó tí àwọn ẹgbẹ́ náà ná lórí ọmọ kan ju ti ìjọba lọ dáadáa, ìjọba sì fún wọn ní tíṣà kún tíṣà. Níbi tí kíláàsì ti kún jù, Bridge ní kí àwọn ọmọ kan máa lọ. Ó tún yọ ọ̀pọ̀ tíṣà tó bá níbẹ̀, ìjọba sì ni ẹrù wọn padà já lé lórí. Ta ni kò ní ṣe dáadáa bí wọ́n bá bá a kó ìṣòro rẹ̀ dà sẹ́yìn ilé ẹlòmíì?

Bàbá ọmọ tí wọ́n lé ńkọ́, ta ni yóò fẹjọ́ sùn? Bí tíṣà ìjọba bá pa iṣẹ́ tì, a mọ ọ̀nà káńsù, a sì mọ ẹni tí a óò fi ìbò yọ. Kò sẹ́ni tó ń dìbò fún NGO. Ìjọba tí kò lè ṣọ́ tíṣà tirẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ ṣọ́ agbaṣẹ́ṣe tó ní lọ́yà?

Ẹ kó owó tí ẹ ń san fún agbaṣẹ́ṣe wá sí Otto. Ẹ gba àwọn tó ń jáde níbẹ̀ síṣẹ́, kí ẹ sì san owó oṣù tó tó jẹun fún wọn.