Rẹfirí Tó Padà Lẹ́yìn Free Throw Kì Í Ṣe Olè

Gbólóhùn kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwa ará Ìlọrin tí a ń wo básíkẹ́ẹ̀tì: "Bí fèrè bá ti dún, ó ti dún náà nìyẹn. Rẹfirí tó bá yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, wọ́n ti fún un ní nǹkan." Wọ́n ń sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn Pápá Ìṣeré Kwara nígbà tí Kwara Falcons bá ń gbàlejò. Wọ́n ń sọ ọ́ lórí kọ́ọ̀tù onísìmẹ́ńtì ilé ẹ̀kọ́ girama, níbi tí kò ti sí aago, tí ẹni tó ń ka àmì ayò sì tún ń ta omi tútù. Àgbà ń sọ ọ́, ọmọdé ń gbà á lẹ́nu wọn. Mo ní irọ́ ni, irọ́ tó ń ba eré jẹ́ sì ni, nítorí rẹfirí tó bá bẹ̀rù ariwo yìí á mọ̀ pé òun ti ṣìṣe, á sì gbé e mì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà dojú rú. Bóyá ọwọ́ kan ọwọ́, bóyá ara dí ara lọ́nà, ìdájọ́ ojú nìyẹn. Rẹfirí ló rí i, òun ló ni ín, kò sì sí ariwo tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, iye fáọ̀lù tí ẹgbẹ́ ti ṣe, àti iye free throw tó tọ́ sí wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú. Àkọsílẹ̀ ni, àkọsílẹ̀ sì ṣeé yẹ̀ wò.

Ìwé òfin FIBA, àjọ tó ń ṣàkóso eré yìí lágbàáyé, la fi ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà. Abala 44 nínú rẹ̀ dárúkọ àwọn àṣìṣe tí rẹfirí lè tún ṣe. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ti free throw: kí wọ́n fún ẹgbẹ́ ní èyí tí kò tọ́ sí i, kí wọ́n fi èyí tó tọ́ sí i dù ú, tàbí kí wọ́n jẹ́ kí ẹlòmíràn ju èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìwé kan náà tó fi fèrè sí rẹfirí lẹ́nu ló fún un láṣẹ láti padà. Ẹni tó bá ní òun gba ti fèrè ṣùgbọ́n òun kò gba ti ìpadà, ìdajì ìwé ló kà.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé jù ni kíka fáọ̀lù ẹgbẹ́. Ìdá mẹ́rin ni eré FIBA, ìṣẹ́jú 10 sì ni ìdá kọ̀ọ̀kan. Nínú ìdá kan, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kò bá sí lórí àtiju bọ́ọ̀lù sí apẹ̀rẹ̀, fáọ̀lù mẹ́rin àkọ́kọ́ kò mú free throw wá. Alátakò kàn máa gba bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ni. Láti orí ìkarùn-ún, free throw méjì ni. Bí ẹgbẹ́ bá ti pé mẹ́rin, àwọn tó jókòó sí tábìlì á gbé àmì pupa síta kí gbogbo ayé lè rí i. Wàyí o, bí akọ̀wé tábìlì bá ka mẹ́ta sí mẹ́rin nítorí pé ẹnì kan ń bá a sọ̀rọ̀ létí, àmì pupa á jáde láìtọ́ àkókò. Nígbà tí wọ́n bá ṣe ìkẹrin gan-an, rẹfirí á wo àmì pupa, á sì gbé ìka méjì sókè.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé Falcons ló ṣe fáọ̀lù ìkẹrin yẹn, lára àlejò kan láàárín pápá. Àlejò dúró sí ìlà free throw, mítà 4.60 sí pátákó. Ó ju ti àkọ́kọ́, ó wọlé. Ó ju èkejì, ó lu irin, ọmọ Falcons gbá a mú, aago bẹ̀rẹ̀ sí í ká, wọ́n sá lọ sí òdìkejì, àmì méjì. Ìgbà yẹn ni tábìlì wá fọn fèrè wọn: a ṣì í kà o.

Kí ni rẹfirí máa ṣe? Ohun kan ni yóò wò: ṣé bọ́ọ̀lù ti jí? Nínú òfin básíkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù a máa kú, a sì máa jí. Bọ́ọ̀lù yẹn kú bó ṣe wọ apẹ̀rẹ̀; yóò jí nígbà tí àlejò bá ti ní in níkàáwọ́ lẹ́yìn ìlà láti fi bẹ̀rẹ̀ eré. Òfin ní àṣìṣe free throw ṣeé tún ṣe lẹ́yìn tí aago ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká, títí bọ́ọ̀lù yóò fi kú lẹ́ẹ̀kan, kí ó tó jí padà. Bí àlejò kò bá tíì gba bọ́ọ̀lù yẹn, àyè ṣì wà: rẹfirí á fagi lé àmì kan tí àlejò jẹ, àmì méjì ti Falcons á dúró, àlejò á sì gba bọ́ọ̀lù rẹ̀. Bí àlejò bá ti gbà á, àyè ti tán. Àmì tí kò tọ́ sí wọn ti di tiwọn, ariwo gbogbo Ìlọrin kò sì lè yọ ọ́ kúrò.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń bẹ́ sílẹ̀. Bí rẹfirí bá fagi lé àmì yẹn, àwọn tó tẹ̀ lé àlejò wá á ní wọ́n ti rà á. Bí àyè bá sì ti tán tó fi àmì náà sílẹ̀, àwa onílé á ní ó mọ̀ pé òun ṣìṣe, kí ló dé tí kò tún un ṣe, wọ́n ti rà á. Ó padà, ó gbowó. Kò padà, ó gbowó. Ìgbàgbọ́ tí gbogbo nǹkan jẹ́ ẹ̀rí fún un, kò ní ẹ̀rí kankan.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé àwa ará Ìlọrin ti mọ irú òfin yìí tipẹ́tipẹ́, nínú mọ́ṣáláṣí. Lémọ́mù ń kírun Àlàásárì, ó gbàgbé ìjókòó àtáyá àkọ́kọ́, ó ń dìde lọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ní "Sùbúhánálláhì." Bí ọwọ́ àti orúnkún rẹ̀ kò bá tíì kúrò nílẹ̀, á padà jókòó. Bí wọ́n bá ti kúrò, ní ọ̀nà Lémọ́mù Málíkì tí a ń tẹ̀ lé níbí, kò ní padà mọ́. Á máa bá ìrun lọ, á sì forí kanlẹ̀ fún ìgbàgbé kí ó tó sálámà. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló fi kún ìrun, lẹ́yìn sálámà ni yóò forí kanlẹ̀ tirẹ̀. Ọmọ kéwú tí kò tíì ga tó tábìlì mọ èyí. Ohun tó dín ní àtúnṣe tirẹ̀, ohun tó lé ní tirẹ̀, àyè àtipadà sì ní ibi tó parí sí. Mi ò tíì rí ẹni tó dìde lẹ́yìn ìrun láti bèèrè pé ta ló fún Lémọ́mù lówó. Àmọ́ kí ẹni kan náà kúrò ní mọ́ṣáláṣí kó wọ gbọ̀ngàn básíkẹ́ẹ̀tì, olè ni gbogbo ẹni tó bá padà.

Ti free throw tí wọ́n fi du ẹgbẹ́, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá fún ẹgbẹ́ ní bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà dípò free throw, tí ẹgbẹ́ náà sì fi bọ́ọ̀lù yẹn jẹ àmì, òfin ní kí wọ́n gbàgbé àṣìṣe náà. Bí wọn kò bá jẹ, tí àyè sì ṣì wà, wọ́n á padà wá ju ohun tó tọ́ sí wọn.

Ẹ̀kẹta ló ń gbóná jù, nítorí ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni yóò ju free throw rẹ̀. Bó bá farapa, tàbí tí fáọ̀lù karùn-ún lé e jáde, ẹni tó wọlé rọ́pò rẹ̀ ni yóò jù ú. Ti fáọ̀lù tẹ́kíníkà ni kọ́óṣì ti lè yan ẹni tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ní ẹnì kan tí kì í tàsé á rọra tì í síwájú, bí ẹni pé òun ni wọ́n gbá lọ́wọ́. Bí rẹfirí bá rí i kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, á kàn pe ẹni tó ni ín, kò sí ìjìyà kankan. Bó bá ti jù ú, tí wọ́n sì rí i lásìkò, àmì náà wọgbó, alátakò ló sì máa gba bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, níbi tó dọ́gba pẹ̀lú ìlà free throw. Àwọn kan ní ìjìyà náà le jù. Lójú tèmi, kò le rárá. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn máa tún un jù ni, ta ni kò ní dán an wò?

Mo mọ èsì tí wọ́n máa fún mi: ṣé mo fẹ́ sọ pé kò sí rẹfirí tó ń gbowó ni? Rárá, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá gbowó kò nílò ọ̀nà àtúnṣe yìí. Ìdájọ́ ojú wà níbẹ̀ fún un ní gbogbo ìṣẹ́jú: fáọ̀lù tó rí tí kò fọn, èyí tí kò rí tó fọn, ta ni yóò mú un? Kí ló máa mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ dá eré dúró, kó pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, kó lọ bá tábìlì, kó ní kí wọ́n ṣí ìwé, kó sì ṣe nǹkan tí ẹnikẹ́ni lè fi Abala 44 yẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì? Kò sí olè tó ń pe ẹlẹ́rìí jọ.

Àwọn tó ka ìtàn á fi Munich lé mi lọ́wọ́, ó sì yẹ kí n dá wọn lóhùn. Ní àṣekágbá Òlíḿpíìkì 1972, Doug Collins ti Amẹ́ríkà ju free throw méjì wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Amẹ́ríkà 50, Soviet 49. Fèrè tábìlì dún bó ṣe ń ju èkejì, rẹfirí kò kà á sí, àwọn Soviet sì ń pariwo pé àwọn ti béèrè fún ìsinmi. William Jones, akọ̀wé àgbà FIBA, sọ̀kalẹ̀ wá láti orí ìjókòó rẹ̀, ó gbé ìka mẹ́ta sókè: kí wọ́n dá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta padà. Wọ́n dá a padà, aago kò bá a mu, wọ́n tún dá a padà. Edeshko ti Soviet ju bọ́ọ̀lù láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, Belov ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà á, ó jù ú wọlé, 51 sí 50. Renato Righetto, rẹfirí ọmọ Brazil, kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí Amẹ́ríkà pẹ̀jọ́ sí dìbò 3 sí 2 ta kò wọ́n, wọn kò sì gba fàdákà náà títí dòní.

Ẹ wò ó dáadáa: ta ló ṣe "àtúnṣe" yẹn? Kì í ṣe rẹfirí. Ọ̀gá tí òfin kò fún láṣẹ nínú eré ni. Munich ń fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn nígbà tí wọ́n bá gba àtúnṣe kúrò lọ́wọ́ rẹfirí, tí wọ́n gbé e fún ẹni tí ohùn rẹ̀ le jù. Àwa tí a ń fi ariwo dá rẹfirí lẹ́kun, iṣẹ́ Jones là ń ṣe láti orí ìjókòó.

Ẹ fi ti Atlanta wé e. Ní oṣù Kejìlá 2007, tábìlì Hawks, ẹgbẹ́ Atlanta, kọ fáọ̀lù kan tí Shaquille O'Neal ti Miami kò ṣe mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n sì lé e jáde nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 51.9 nínú àfikún àkókò. Miami fẹ̀hónú hàn, NBA gbà fún wọn, wọ́n sì tún ìṣẹ́jú àáyá 51.9 yẹn gbá ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta 2008. Shaq ti lọ sí Phoenix nígbà náà. Hawks ṣì borí, 114 sí 111. Wọ́n tún un ṣe nítorí pé àkọsílẹ̀ kò tọ́, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tí yóò ṣe láǹfààní.

(Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wá fi òfin NBA tí ẹ rí lórí tẹlifíṣọ̀n bá rẹfirí Ìlọrin jà. Ìṣẹ́jú 12 ni ìdá kan tiwọn, fáọ̀lù mẹ́fà ló ń lé èèyàn jáde lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí Falcons lọ gbá BAL, ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Áfíríkà, ní Dakar ní oṣù Kẹta 2023, òfin FIBA ni wọ́n bá níbẹ̀.)

Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ kí wọ́n tún nǹkan ṣe fún òun, ọ̀nà wà. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá kú tí aago sì dúró, kọ́óṣì lè lọ bèèrè lọ́wọ́ tábìlì pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé fáọ̀lù mélòó ló wà lọ́rùn wa. Kápútéènì lè bá rẹfirí sọ̀rọ̀ ní irú àkókò kan náà. Àmì tí wọ́n kà ṣì, fáọ̀lù tí wọ́n kọ ṣì, aago tó sáré jù, gbogbo ìyẹn ṣeé tún ṣe títí olórí rẹfirí yóò fi fọwọ́ sí ìwé. Bí ẹgbẹ́ bá sì fẹ́ fẹ̀hónú hàn, kí ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn eré tó kọjá ni kápútéènì ní láti sọ fún olórí rẹfirí, kó sì fọwọ́ sí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un nínú ìwé náà. Ẹ bi kápútéènì ẹgbẹ́ àdúgbò yín léèrè bóyá ó mọ ibi tí àyè yẹn wà.