Ìkèrèkú méjì

Àwa mẹ́rin la kó ara wa jọ ní Mọ́níyà: èmi, aránṣọ kan, fọkanáísà kan, àti ọmọbìnrin kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́. A ní a fẹ́ lọ wo àpáta Olúmọ l'Abẹ́òkúta, ká sì padà wá sùn sílé. Láti 2021 tí rélùwéè tuntun ti ń gbé èrò láti Mọ́níyà lọ s'Ékòó, ìyẹn ò le mọ́, Abẹ́òkúta wà lójú ọ̀nà. Kìkì pé Ládẹ̀rin lẹ máa sọ̀ sí, ẹ ṣì máa wọ takisí kẹ́ ẹ tó dé ìgboro.

Olúmọ ga o! Ọmọ ẹlẹ́lùbọ́ ló kọ́kọ́ dókè. Fọkanáísà tó ti ń fọ́nnu látàárọ̀, ẹ̀yìn ló wà, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ṣùgbọ́n ihò abẹ́ àpáta ló mú èmi lọ́kàn. Ibẹ̀ làwọn Ẹ̀gbá fara pamọ́ sí nígbà ogun. Ojú ibi tí wọ́n ti ń lọ nǹkan ṣì wà lára òkúta, ó ti di kòtò kòtò. Ogun wà níta, àwọn ìyá ń lọ ata nínú.

Ta ló lé wọn débẹ̀? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kàn wá. Nígbà tí ogun Òwu parí, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ ò tú ká, wọ́n kọjú sáwọn ìlú Ẹ̀gbá. Ìkìjà tó ń ran Òwu lọ́wọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fọ́. Ìbàdàn tí à ń wí yìí gan-an, ìlú Ẹ̀gbá Gbágùrá ni tẹ́lẹ̀; ní nǹkan bí 1829 làwọn ológun yẹn wọ̀ ọ́, tí wọ́n jókòó síbẹ̀. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́ ṣíwájú àwọn Ẹ̀gbá lọ sábẹ́ Olúmọ. Wọ́n gbé orúkọ ìlú wọn dání lọ. Ìyẹn ni Ìkèrèkú ṣe wà l'Abẹ́òkúta, tí Ìkèrèkú sì wà ní Akínyẹlé tiwa níbí.

Inú bí aránṣọ wa, nítorí ọmọ Ìkèrèkú ni ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ilẹ̀ onílẹ̀ ni ìyá mi wá ń gbin ẹ̀gẹ́ sí?" Mo ní èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti tó igba ọdún díẹ̀ kù, òkú tiwa náà wà nílẹ̀ yẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé nílé, ogun tí Ìbàdàn ṣẹ́ là ń ròyìn. Àwọn tí ogun lé kúrò lóko tí à ń ro, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ wọn.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ gbọ́ tiyín. Ní March 1851, Gezo ọba Dàhòmì kó ogun wá, àwọn obìnrin ajagun wà nínú wọn. Ẹ̀gbá lé wọn padà. Wọ́n tún wá ní 1864, wọ́n tún sá. Oníṣòwò ni Ẹfúnróyè Tinúbú tó ń fún àwọn jagunjagun Ẹ̀gbá ní ohun ìjà. Wọ́n sì fi í joyè Ìyálóde. Ó ta ẹrú náà o, ká má fi ìyẹn pa mọ́.

A ya Ìtòkú kí ọmọ ẹlẹ́lùbọ́ lè ra àdìrẹ. Ìyá aláṣọ bi wá pé níbo la ti wá. Aránṣọ ní, "Ìkèrèkú." Ìyá ní, "Ìkèrèkú wa?" Ó ní, "Rárá, Ìkèrèkú tiwa." Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sì já owó aṣọ wálẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Ẹ̀yin àgbà Ìkèrèkú ní Akínyẹlé, bí ẹ bá mọ ìdílé Ẹ̀gbá tó ṣẹ́ kù síbẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí wa. Màá wá bá yín nílé.