Ìta Tinúbú àti Orúkọ Àdúgbò Nílùú Èkó

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí Yorùbá ti ń ṣe sí ọmọ náà ni àwọn ará Èkó àtijọ́ ṣe sí àdúgbò wọn. Ibi tí àwọn tí ó ti oko ẹrú Bùràsíìlì dé tẹ̀dó sí di Pópó Àgùdà. Etí omi tí a mọ̀ sí Máríìnà lónìí, Ẹ̀hìngbẹ̀tì ni lẹ́nu àwọn àgbà.

Ìta Tinúbú ni ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ gbé yẹ̀ wò jùlọ. Ẹfúnróyè Tinúbú, ọmọ Ẹ̀gbá, ni ó ni orúkọ náà. Òwò rẹ̀ gbilẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì tólẹ̀ láàfin, títí wọ́n fi lé e kúrò ní Èkó ní ọdún 1856. Abẹ́òkúta ni ó padà sí. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní 1887. Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, àwọn aláṣẹ sọ ìta náà di Gbàgede Òmìnira. Orúkọ tuntun yìí dára létí, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lọ títí: Tinúbú ni ibẹ̀ tún ń jẹ́ títí di òní.

Òótọ́ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pa mọ́ fún ọmọ ilé-ìwé: ẹrú wà lára ọjà tí Tinúbú tà. Ṣé kí a wá tìtorí èyí pa orúkọ rẹ̀ rẹ́? Rárá o. Bí orúkọ bá kúrò lára pátákó, ta ni yóò tún béèrè nípa òwò ẹrú níbẹ̀?

Ìyípadà orúkọ kò sì tíì dáwọ́ dúró. Ní ọdún 2025, ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Bàrígà gba ibùdókọ̀ Charly Boy lọ́wọ́ olórin tí ó ni ín, wọ́n fi dá Olamide lọ́lá. Olamide tọ́ sí ọlá. Ọmọ Bàrígà ni, ó sì ti gbé orúkọ àdúgbò náà jáde. Ṣùgbọ́n àwọn èrò àti kọ̀ńdọ́ ni wọ́n ń pe ibẹ̀ ní Charly Boy láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ẹni tí ó rí i kí a kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè.

Bí àwọn aláṣẹ kò bá lè ṣe kí wọ́n má yí orúkọ padà, kí wọ́n kọ ti àtijọ́ sísàlẹ̀ tuntun lórí pátákó kan náà. Ọ̀dà díẹ̀ ni yóò ná wọn.