Àyẹ̀wò Kan Kò Tó Láti Dá Obìnrin Lẹ́bi

Bí oyún obìnrin bá ń bàjẹ́ léraléra, ẹnu aráyé kì í pẹ́ dá ẹjọ́. Àwọn kan a ní àjẹ́ ni. Àwọn mìíràn a ní àgbèrè ni. Bí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá wá sọ pé obìnrin náà ní sífílíìsì, àrùn tí ń ràn nípa ìbálòpọ̀, ọkọ a gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀rọ̀ kò tíì parí.

Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní VDRL kì í wá kòkòrò sífílíìsì fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ-ogun tí ara ń pèsè láti fi bá àrùn jà ni ó ń wá. Ọ̀rá kan tí wọ́n kọ́kọ́ mú jáde láti inú ọkàn màlúù ni wọ́n fi ń mọ̀ wọ́n. Mary Pangborn ni ó ya ọ̀rá náà sọ́tọ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1941. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ wà nínú ara ènìyàn pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ̀tẹ̀ tàbí ibà tí ẹ̀fọn ń fà lè mú kí ara pèsè irú àwọn ọmọ-ogun yìí, kí ìwé sì sọ pé sífílíìsì ni.

Lọ́pọ̀ ìgbà, bí àrùn bá lọ, àwọn náà a lọ. Lára àwọn ẹlòmíràn, wọn kì í lọ. Wọn a máa bá ẹni tí ó ni wọ́n jà. Ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó máa ṣàn a wá dì nínú ẹsẹ̀, nínú ọpọlọ, tàbí nínú ibi ọmọ, oyún a sì bàjẹ́. Ní ọdún 1983, dókítà Graham Hughes ṣàlàyé àìsàn yìí ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àwọn àgbà ní: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni VDRL. Ẹlẹ́rìí kejì ni TPHA, tí ń wá àwọn ọmọ-ogun tí ń bá kòkòrò sífílíìsì gan-an jà. Bí ẹ̀rí àwọn méjèèjì kò bá dọ́gba, kí ìdílé béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ dídì náà ní àyẹ̀wò tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe é, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ 12, ó kéré tán, láàárín wọn.

Èyí kò sọ pé kí a fojú kéré sífílíìsì. Òun náà ń ba oyún jẹ́, ọkùnrin sì lè kó o wá sílé. Pẹnisílíìnì ń wò ó sàn, tọkọtaya ni ó sì yẹ kí ó ṣe àyẹ̀wò. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ni, dókítà lè fún aláboyún ní aspirin díẹ̀ àti abẹ́rẹ́ heparin. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó gba ìtọ́jú yìí ni ó ti gbé ọmọ pọ̀n. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra oògùn wọ̀nyí lọ́jà lò fúnra rẹ̀.

Kí ọkọ tó lé ìyàwó, kí ìyá ọkọ tó pè é ní àjẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò kejì. Owó rẹ̀ kò tó ohun tí ilé tí ó tú ń náni.